Àwẹ̀ró Amọ̀kòkò àti Àmù Òṣùmàrè

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ohùn yín ò jáde. Àbí iyán tí ẹ jẹ ló dí yín lọ́fun? Ó yá, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀yin ọmọ mi nìyẹn. Ìgè, fi ẹ̀pà yẹn sílẹ̀ fún Àìná, kó o sì jókòó dáadáa. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀ gìrì, ó gun òkè, ó rọra sọ̀ kalẹ̀. Kò bà lé ìjàpá lórí, kò bà lé ajá lórí. Obìnrin kan tó ń mọ ìkòkò ló bà lé lórí, Àwẹ̀ró ọmọ Àyọ̀ká, ará Òkè-Amọ̀.

Láyé àtijọ́, nígbà tí ojú ọ̀run ṣì sún mọ́ ilẹ̀, ìlú Òkè-Amọ̀ ò ní odò. Ìsun omi kékeré kan ló ní nísàlẹ̀ òkè, èyí tí wọ́n ń pọn mu, tí kò sì lè tó oko. Ohun tí Ẹlẹ́dàá fi kẹ́ wọn ni amọ̀. Amọ̀ dúdú ń bẹ, amọ̀ pupa ń bẹ, gbogbo rẹ̀ rọ̀ múlọ́múlọ́ bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo obìnrin ìlú náà ló ń mọ ìkòkò. Wọ́n ń mọ ìṣaasùn, wọ́n ń mọ orù, wọ́n sì ń mọ àmù ńlá tí omi inú rẹ̀ máa ń tutù nini, bí oòrùn tilẹ̀ ń jó ará ayé.

Òjò tí wọ́n fi ń dáko, ọwọ́ Òṣùmàrè ni wọ́n ti ń gbà á. Ṣé ẹ mọ Òṣùmàrè?

A mọ̀ ọ́n!

Ọ̀já aláràbarà tó máa ń yọ lójú ọ̀run lẹ́yìn òjò lẹ mọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí mò ń wí yìí, gbogbo ara rẹ̀ ni wọ́n ń rí. Ejò ńlá ni, erè ọ̀run, orí rẹ̀ ń kan ilẹ̀, ìrù rẹ̀ wà nínú àwọsánmà. Òun ló ń mu omi ilé ayé gòkè lọ fún ọ̀run, kí ọ̀run tó rọ̀ ọ́ padà fún wa. Àwọn Ègùn aládùúgbò wa mọ̀ ọ́n, Dàn ni wọ́n ń pè é. Àwọn oníṣòwò tó ti rìn jìnnà sọ fún baba mi pé ní ìlú táwọn dé lẹ́yìn aṣálẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ náà ní ejò tiwọn tó ń ṣọ́ omi. Orúkọ ló yàtọ̀. Òùngbẹ ò yàtọ̀.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń lọ sópin, tí ilẹ̀ gbẹ, tí ewé ń wọ́ wururu, àwọn amọ̀kòkò Òkè-Amọ̀ á yan ẹnìkan nínú ara wọn pé kó mọ àmù fún Òṣùmàrè. Wọ́n á pọn omi ìsun sínú rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sórí àpáta lókè téńté. Òṣùmàrè á sọ̀ kalẹ̀, á mu ún gbẹ, á gbé e re ọ̀run. Kí àwọn èèyàn tó délé, òjò á ti máa kán sí wọn lórí.

Àṣà kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí dáadáa, torí inú rẹ̀ ni ọ̀ràn ti wá. Bí obìnrin kan bá sun ìkòkò tán, tí iná kú, tí eérú tutù, kì í dá gbé e wọlé. Á pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. Wọ́n á yí ìkòkò náà ká, ẹni tó mọ ọ́n á máa kọrin, á sì fi oríkèé ìka lù ú. Bó bá pé, á dún kóóń. Bó bá ti sán, bó ti wù kí ó kéré tó, á dún pẹ̀kẹ̀. Orin yẹn rèé. Bí mo bá lé e, kí ẹ máa dá mi lóhùn pé, "Amọ̀ ò purọ́."

Mo mọ ọ́, mo gbé ọ lé orókún o,
*Amọ̀ ò purọ́.*
Mo sun ọ́, mo fi iná fún ọ wọ̀ láṣọ,
*Amọ̀ ò purọ́.*
Bó o bá pé, kó o dá mi lóhùn kóóń,
*Amọ̀ ò purọ́.*
Bó o bá sán, má ṣàì sọ fún mi o,
*Amọ̀ ò purọ́.*

Bó bá dún pẹ̀kẹ̀, ẹni tó mọ ọ́n á wí pé, "Ó fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́." Á là á mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, gbàà. Àwọn yòókù á bá a ṣa àpáàdì rẹ̀ jọ, wọ́n á gún un kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ amọ̀ tuntun, torí àpáàdì gígún ló ń jẹ́ kí ìkòkò ńlá lè fara da iná. Bí wọ́n bá ti ṣe èyí tán, ó parí nìyẹn. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni tún sọ̀rọ̀ ìkòkò náà láéláé. Wọn ò gbọ́dọ̀ fi í ṣẹ̀fẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ fi í pìtàn, wọn ò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ létí ọmọ olúwarẹ̀.

Òfin náà dára, àbí? Ojú kì í ti ẹnikẹ́ni pẹ́ ní Òkè-Amọ̀. Ẹ ṣì máa gbọ́ mi lọ.

Ìyá Àwẹ̀ró, Àyọ̀ká, ni olórí àwọn amọ̀kòkò títí ó fi filẹ̀ bora. Gbogbo ìlú ló ń ki í. Wọ́n á ní, "Àyọ̀ká, ọwọ́ tí amọ̀ ń wárí fún." Láti kékeré Àwẹ̀ró títí ó fi di ìyálé ilé, kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé ìkòkò kan fọ́ mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ta ni ì bá sọ fún un? Èèwọ̀ ni. Òun wá gbà pé kò ṣẹlẹ̀ rí ni. Ó ń rò ó pé ọwọ́ ìyá òun ò ba nǹkan jẹ́ títí ó fi kú. Tí ìkòkò tirẹ̀ bá sán, bó tilẹ̀ jẹ́ ìṣaasùn kékeré, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Á máa wí nínú ara rẹ̀ pé, "Èmi ni mo ń bọ́ ìyá mi ní aṣọ yìí." Kò sì sọ fún ẹnìkan.

Lẹ́yìn tí Àyọ̀ká kú, ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó le. Àgbàdo tí wọ́n gbìn gbẹ mọ́ ilẹ̀, ewúrẹ́ ń la ògiri. Ó tó àkókò láti yan ẹni tí yóò mọ àmù. Gbogbo obìnrin fi ẹnu kò, wọ́n ní, "Ẹni bíni là ń jọ. Àwẹ̀ró ni kó mọ ọ́n."

Inú Àwẹ̀ró dùn, ẹ̀rù sì bà á. Ó sọ lọ́kàn pé àmù yìí gbọ́dọ̀ ju gbogbo èyí tí ojú ti rí lọ. Ó wa amọ̀ tó dára jù, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó ṣa òkúta inú rẹ̀ títí ó fi ń dán. Àgbàlagbà kan wà nínú ẹbu, ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, tó ń jẹ́ Àbẹ̀jẹ́, ìyá Òkédìji. Ọ̀rẹ́ ìyá Àwẹ̀ró ni. Àbẹ̀jẹ́ gbé igbá àpáàdì gígún wá fún un.

Ó ní, "Àwẹ̀ró, gba èyí kó o pò ó mọ́ amọ̀ rẹ."

Àwẹ̀ró wo inú igbá náà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá Òkédìji. Àmọ́ èyí tó ti fọ́ rí, kí ló fẹ́ máa ṣe nínú àmù òrìṣà?"

"Àmù tó tóbi tó báyìí, tí ò ní àpáàdì nínú, iná á bá a fínra."

"Tèmi ò ní rí bẹ́ẹ̀, Ìyá."

Àbẹ̀jẹ́ gbé igbá rẹ̀, ó ń lọ. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ṣùgbọ́n a kì í fi tipátipá kó àkísà fún ọmọdé.

Àwẹ̀ró mọ àmù náà. Ẹ̀yin ọmọ mi, ó rẹwà. Ikùn rẹ̀ yí róbótó, ọrùn rẹ̀ gùn, ara rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ó gbẹ tán, ó kó igi jọ yí i ká, ó fi koríko bò ó, ó dáná sí i. Iná náà jó títí alẹ́ fi lẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ kó eérú kúrò lára rẹ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dé.

Ó rí i. Ìlà kan tín-ín-rín, bí irun orí, láti etí àmù dé ìdí rẹ̀. Ó fi oríkèé ìka lù ú. Pẹ̀kẹ̀.

Àwẹ̀ró jókòó sínú eérú. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, kò séèyàn. Bó bá kígbe báyìí, wọn á wá, wọn á bá a ṣa á jọ, ó tán. Àmọ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọn yóò gbé àmù gun òkè, àmù tuntun ò lè gbẹ kó tó dìgbà náà. Èyí tó wá ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò rò ó kọjá orúkọ ìyá rẹ̀. "Nílé Àyọ̀ká," ni ó ń tún wí, "nílé Àyọ̀ká, ọwọ́ mi ni yóò kọ́kọ́ fọ́ àmù òrìṣà." Ìtìjú gbá a mú, ó dìde.

Kí lẹ rò pé ó ṣe? Ó wọlé lọ mú ìda oyin. Ó yọ́ ọ, ó fi dí ìlà náà nínú, ó fi dí i lóde. Ó wá fi omi èèpo irú ra gbogbo ara àmù náà, èyí tí àwọn amọ̀kòkò fi ń kun ìkòkò kó lè máa dán. Nígbà tó ṣe tán, ojú ò rí ibi tó sán. Ṣùgbọ́n orin ṣì kù, ìka ṣì kù. Ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni Àwẹ̀ró. Kí àwọn obìnrin náà tó dé, ó sáré lọ sí ìsun, ó pọn omi, ó tún pọn, ó rọ ọ́ sínú àmù títí ó fi kún dẹ́nu.

Wọ́n dé, wọ́n ní, "Àwẹ̀ró, lù ú ká gbọ́."

Ó ní, "Mo ti pọn omi sí i kí oòrùn má bàá mú Òkédìji tó máa gbé e lọ́nà òkè. Ìkòkò tó bá kún, ṣé ó ń dún ni? Òfìfo ló ń pariwo."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ gidi ni. Wọ́n kọ orin náà, Àwẹ̀ró fi ìka lù ú, ó dún gbì bí ikùn ẹni tó yó. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àbẹ̀jẹ́ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó wo ojú Àwẹ̀ró, Àwẹ̀ró sì yíjú sí ibòmíràn.

Òkédìji ọmọ Àbẹ̀jẹ́ ló máa ń gbé àmù gun òkè lọ́dọọdún. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ ni, ọrùn rẹ̀ le bí igi ìrókò, àmọ́ kò lè pa eṣinṣin. Ó ká òṣùká lé orí, wọ́n gbé àmù rù ú, ó ń gun òkè lọ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, ìlú ń tẹ̀ lé e. Níbi tí àpáta ti ń yọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀. Gbogbo wọn mí kanlẹ̀. Ó dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àmù mú, ó tún ń lọ. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lókè téńté, wọ́n sì padà sábẹ́ igi ayùnrẹ́ tó wà nísàlẹ̀ àpáta láti dúró.

Wàyí o, ìda tó ń gbọ́ràn lówùúrọ̀, kì í gbọ́ràn lọ́sàn-án. Oòrùn gòkè. Àpáta gbóná janjan. Ìda bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó ń ṣàn, omi sì tẹ̀ lé e. Tò, tò, tò. Àpáta ń mu ún bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ láti èṣí.

Ojú ọ̀run ṣí. Òṣùmàrè ń bọ̀. Ó ń tú bí aṣọ tí wọ́n ń tú nínú ìdì, pupa, àwọ̀ ewé, aró, òféefèé. Àwọn èèyàn dojú bolẹ̀. Ó gbé orí lé etí àmù, ó na ahọ́n sínú rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ kan ìsàlẹ̀ gbígbẹ.

Kò bú ramúramù, kò ju ìrù. Ó kàn gbé orí sókè, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ kọrin. Ẹ dá a lóhùn o:

Ta ló mọ àmù mi tí ò gbomi dúró?
*Amọ̀ ò purọ́.*
Òùngbẹ ń gbẹ mí, òùngbẹ ń gbẹ òjò,
*Amọ̀ ò purọ́.*
Ẹni tó mọ ọ́n, kó wá lù ú fún mi,
*Amọ̀ ò purọ́.*
N ò ní relé, n ò ní rọ̀run o,
*Amọ̀ ò purọ́.*

Ó gbé àgbọ̀n lé orí àpáta, ó ń dúró.

Ọba ìlú náà, tí wọ́n ń pè ní Olókè, yíjú sí Àwẹ̀ró. Ó ní, "Àwẹ̀ró, kí ló dé?"

Ẹnu Àwẹ̀ró yá ju ọkàn rẹ̀ lọ. Ó ní, "Kábíyèsí, nígbà tí àmù kúrò lọ́wọ́ mi, ó kún dẹ́nu, gbogbo wọn ló rí i. Ohun tó bá a lọ́nà òkè, èmi ò mọ̀ ọ́n."

Ojú gbogbo èèyàn yí padà sí Òkédìji. Òkédìji dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, "Kábíyèsí, ẹsẹ̀ mi yẹ̀ lóòótọ́. Mo rò pé àmù ò kan nǹkan kan." Ó tún un rò. "Bóyá ó kàn án. N ò wá mọ̀ mọ́."

Ẹ ò rí olóòótọ́ èèyàn. Òun fúnra rẹ̀ ti ń ran wọn lọ́wọ́ láti dá òun lẹ́bi.

Olókè mí sókè. Ó ní, "Kì í ṣe inú mi ló dùn sí i. Òfin ti wà kí wọ́n tó bí mi. Ẹni tó bá fọ́ àmù òrìṣà á kúrò nílùú, kò sì ní padà wọ̀ ọ́ títí òjò á fi rọ̀."

Ẹ gbọ́ bí òfin yẹn ti rí. Òjò ò sì ní rọ̀, nígbà tí Òṣùmàrè kò rí omi mu. Gbogbo wọn mọ̀ pé bí Òkédìji bá lọ, ó lọ nìyẹn. Àbẹ̀jẹ́ kò sunkún, kò jà. Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi di ẹ̀kọ àti àkàrà tó gbé wá síbẹ̀ fún ara rẹ̀, ó fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó wo Àwẹ̀ró, ó tún mójú kúrò. Bóyá ó mọ̀, bóyá kò mọ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ ò rí, àgbà kì í fi ẹnu rẹ̀ jẹ́rìí sí.

Òkédìji gbé ìdì náà sábẹ́ abíyá. Kó tó lọ, ó wá síwájú Àwẹ̀ró, ó tẹ orí ba.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mo ba iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Àwẹ̀ró láyà. Ká ní Òkédìji bú u ni, ì bá lè bú u padà. Ká ní ó pè é ní òpùrọ́, ì bá ti ta kò ó. Ẹ̀bẹ̀ ni kò lè gbé. Ó rí i pé láti fi pa orúkọ ẹni tó ti kú mọ́, òun ti ta ẹni tó ń bẹ láàyè dànù. Ìtìjú tó dì í mú láti òwúrọ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò dín kù. Àánú ló wá bá a níbẹ̀, tó sì pọ̀ jù ú lọ.

Ó ní, "Dúró, Òkédìji. Sọ ẹrù rẹ kalẹ̀."

Ó gun àpáta lọ. Ojú Òṣùmàrè wà lára rẹ̀, ojú ìlú wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ti àmù, ó fi oríkèé ìka lù ú. Pẹ̀kẹ̀. Ó kọrin jẹ́jẹ́. Ẹ rọra gbè é fún un:

Èmi ni mo mọ ọ́n, ọwọ́ mi ni,
*Amọ̀ ò purọ́.*
Kò já bọ́, kò kan àpáta,
*Amọ̀ ò purọ́.*
Ó sán nínú iná, mo fi ìda dí i,
*Amọ̀ ò purọ́.*
Ó fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́,
*Amọ̀ ò purọ́.*

Òṣùmàrè sún orí mọ́ ọn.

Ó ní, "Kí ló dé tó ò wí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀?"

Àwẹ̀ró ní, "Bàbá, ìyá mi ni Àyọ̀ká. Kò sí ìkòkò tó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Ojú tì mí kí n jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ bà á jẹ́."

Òṣùmàrè rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré, tí àwọ̀ ara rẹ̀ fi ń ṣẹ́jú láti orí dé ìrù.

Ó ní, "Àyọ̀ká kẹ̀? Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ yàn án, àmù rẹ̀ fọ́ sórí àpáta yìí, níṣojú mi, bí mo ti ń yọ lókè. Ó fọ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Omi tó kù nínú àpáàdì kan ò ju ìtẹ́lẹ̀ ọwọ́ lọ. Ó gbé e sókè fún mi, ó kúnlẹ̀ bí ìwọ náà ti kúnlẹ̀ yìí. Ó ní, 'Bàbá, ó fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ gba èyí.' Mo mu ún. Nínú gbogbo omi tí mo ti mu ní Òkè-Amọ̀, n kò tíì mu èyí tó dùn tó ìyẹn. Òjò ọdún yẹn, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà bí ó ti rí."

Àwẹ̀ró yíjú sí àwọn obìnrin tó wà nísàlẹ̀. Ó ní, "Ìyá Òkédìji, ṣé lóòótọ́ ni?"

Àbẹ̀jẹ́ ní, "Lóòótọ́ ni, ọmọ mi. Èmi ni mo bá a ṣa á jọ."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Èèwọ̀ ni."

"Gbogbo ọdún tí mo fi ń fi ebi pa ara mi nítorí ìṣaasùn, ẹ ò sọ fún mi."

Àbẹ̀jẹ́ sọkún níbẹ̀, òun tí kò sọkún nígbà tí wọ́n ń lé ọmọ rẹ̀. Ó ní, "A rò pé ojú ìyá rẹ là ń bá a bò. A ò mọ̀ pé ojú tìrẹ là ń bò mọ́lẹ̀."

Àwẹ̀ró bẹ́ sẹ́kún, ẹkún náà sì tù ú lára. Ó gbé àmù náà sókè, èyí tó rẹwà jù tí ọwọ́ rẹ̀ tíì mọ, ó là á mọ́ àpáta gbàà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dúró kó pè wọ́n. Wọ́n gòkè wá, wọ́n ń bá a ṣa á. Òkédìji ló sáré lọ sí ìsun lọ pọn omi. Obìnrin kọ̀ọ̀kan gbé àpáàdì tirẹ̀ dání, Òkédìji ń bu omi sí i, Òṣùmàrè sì ń mu lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́. Kò kánjú. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ kó tó mu ti Àwẹ̀ró, tó fi gbé ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀, tó ń lọ sókè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Kò ní ìjì, kò ní àrá. Ó ń rọ̀ winniwinni, ilẹ̀ ń mu ún, òórùn ilẹ̀ tútù gba gbogbo ìlú kan.

Ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀ fún Àwẹ̀ró. Níwájú gbogbo ìlú, nínú òjò, ó kúnlẹ̀ fún Òkédìji tó jẹ́ àbúrò rẹ̀, ó tọrọ àforíjì, Òkédìji sì sáré gbé e dìde torí kò lè wò ó. Oyè olórí àwọn amọ̀kòkò tí wọ́n ti ń pète láti fún un, Àbẹ̀jẹ́ ni wọ́n fún. Àwẹ̀ró ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ṣì ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ojú fún ìgbà pípẹ́, ó sì fara mọ́ ọn.

Àbẹ̀jẹ́ pe ìpàdé, wọ́n tún òfin náà ṣe. Wọ́n ní kí wọ́n má ṣe fi ìkòkò tó fọ́ ṣẹ̀fẹ̀, ìyẹn dúró bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin kan bá kọ́kọ́ wọ ẹbu láti kọ́ṣẹ́, kó tó fọwọ́ kan amọ̀ rárá, ìyá rẹ̀ á pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwẹ̀ró náà bí ọmọbìnrin, ó tó ìgbà, ó pe ọmọ náà jókòó.

Ó ní, "Jókòó tì mí. Jẹ́ kí n ka gbogbo èyí tó ti fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ fún ọ."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣaasùn, ó kà á kan àmù Òṣùmàrè, kò fo ọ̀kan. Nígbà tó kà á tán, ọmọ náà bọ́ sínú amọ̀ láìbẹ̀rù.

Ibi tí àlọ́ mi ti kásẹ̀ ńlẹ̀ nìyí, ó ti délé, ó ti sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀. Bí mo bá purọ́ fún yín, kí eyín iwájú mi méjèèjì bọ́ sínú ẹ̀pà Ìgè.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ ò le. Àṣìṣe tí a bá jẹ́wọ́, ọwọ́ púpọ̀ ló máa ń bá ni tún un ṣe. Èyí tí a bá fi pamọ́, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló máa ń ru ú. Ìyẹn ti ẹ̀yin ọmọdé. Ẹ̀yin òbí tí ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn tí ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ ò gbọ́, tiyín náà wà níbẹ̀: ẹ máa sọ fún ọmọ yín ibi tí ẹ̀yin náà ti ṣubú, kí wọ́n lè mọ̀ pé èèyàn ń ṣubú, ó sì ń dìde.